Kí Omi Má Baà Yalé: Iṣẹ́ Adágún Lókè Odò Ìlú



Ìyá mi àgbà n'Íbàdàn kì í sùn bí òjò bá ń rọ̀ lóru. Ní họ́lidé tó kọjá, mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní odò Ògùnpa ló kọ́ àwọn. Ní 31 Ògọ́sítì 1980, Ògùnpa kún àkúnya, ó sì lé ní 200 èèyàn tó bá a lọ. "Omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù" ni wọ́n ń pè é.

Mo wá ṣàlàyé ohun tí olùkọ́ Jọ́gíráfì wa kọ́ wa fún wọn: retention pond. Adágún ni, tí wọ́n ń gbẹ́ sí apá òkè odò, kí omi tó dé ibi tí ilé pọ̀ sí.

Ẹ wo balùwẹ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì wa láàárọ̀ Sátidé. Bí èèyàn ogún bá da omi báàkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ihò tí omi ń gbà jáde ò ní lè gbà á, sílípáàsì á máa léfòó. Bí a bá ń wẹ̀ tẹ̀lé ara wa ńkọ́? Omi yẹn náà ni, kò dín, ṣùgbọ́n kò ní kún. Dídé tí omi ń dé lẹ́ẹ̀kan náà ni wàhálà.

Nínú igbó, ilẹ̀ ń fa omi mu. Ní ìlú, páànù àti kọnkéré ni òjò ń bọ́ lé. Mo ṣírò pápá bọ́ọ̀lù kan, mítà 100 ní gígùn, 70 ní fífẹ̀. Ká ní kọnkéré ni wọ́n dà bò ó, tí òjò mílímítà 50 rọ̀ sí i, lítà 350,000 ni yóò ṣàn kúrò níbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 wa yìí, 14,000 ni! Àwa tí à ń pọn méjì péré tí ọrùn fi ń dùn wá.

Omi máa ń wà nísàlẹ̀ adágún yẹn nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n àyè òfìfo tó wà lókè omi náà ló ń gba àgbàrá. Páìpù tó ń tú u jáde kéré. Àgbàrá á rọ́ wọlé, á wá máa jáde díẹ̀díẹ̀, bóyá fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Wọ́n tún ń ṣe ọ̀nà mìíràn sókè, kí èyí tó bá pọ̀ jù lè gbabẹ̀ kọjá láì wó ògiri rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí wọ́n sáà fẹ gọ́tà. Wọ́n fi kọnkéré mọ ẹ̀gbẹ́ Ògùnpa lẹ́yìn 1980, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gọ́tà ńlá ń tètè gbé omi lọ bá àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni. Ní 26 Ògọ́sítì 2011, òjò tó ju mílímítà 180 lọ rọ̀ n'Íbàdàn, bíríìjì wó, ó lé ní 100 èèyàn tó kú. Adágún Ẹlẹ́yẹlé ti wà níbẹ̀ láti 1942 o, àmọ́ omi mímu ni wọ́n kọ́ ọ fún. Adágún omi mímu, kó kún la fẹ́. Adágún àgbàrá, àyè inú rẹ̀ la fẹ́.

Ìyá mi àgbà gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ó dáa. Ta ni yóò máa kó ẹrẹ̀ àti pàǹtí inú rẹ̀?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹrẹ̀ tí wọn ò bá kó, àyè omi ló ń gbà, bí ọdún bá sì ti ń gorí ọdún, adágún náà á di ilẹ̀ẹ́lẹ̀.