Òkè Tiwọn, Odò Tiwa

Bi àgbẹ̀ kan ní Akáǹran, lẹ́bàá Ìbàdàn, léèrè bí ọ̀nà oko rẹ̀ ṣe rí, kò ní ka kìlómítà fún ọ. Yóò ní wàá gun òkè kan, wàá da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dé odò, tó o bá ti sọdá, ó kù dẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Bí òjò bá rọ̀ lánàá, yóò ní kó o ṣì mú sùúrù ná. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi òkè ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni yóò ti mọ̀ bóyá bíréèkì òun ṣì ń mú, etí odò ni yóò ti gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká. Ibi tó kù lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tí í sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àlàyé àgbẹ̀ yìí dání lọ sí ọ̀nà jíjìn, nítorí ohun kan náà ni àwọn agunkẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù ń wá kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè tiwọn kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa.

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àjèjì ní àyíká Ìbàdàn. Ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, àwọn àgbà ṣì ń rántí Raleigh, kẹ̀kẹ́ dúdú tó ti Nottingham wá, tí wọ́n ń di àpò kòkó mọ́ káríà rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968 àti 1969, tí òkìkí Táfá Adéoyè, aṣáájú wọn, kàn láti Akáǹran, owó-orí ni àwọn ènìyàn fi ń rántí wọn jù. Ṣùgbọ́n títún ọ̀nà abúlé ṣe wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù gun òkè nínú ẹrẹ̀ rí kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Lónìí, ọ̀kadà ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n òkè àti odò kò kúrò níbi tí wọ́n wà.

Ní Yúróòpù, àwọn kan wà tó jẹ́ pé òkè fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ bá. Wọn kì í sábà dé ṣóńṣó rẹ̀. Àlàfo òkè ni wọ́n ń wá, ìyẹn ibi tí òkè tó nà gbọọrọ ti tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, tí ọ̀nà fi rí àyè bọ́ sí òdìkejì. Ẹni tó bá ti gba Ìlẹ́ṣà lọ sí Adó-Èkìtì ti rí irú rẹ̀. Lẹ́yìn Erinmọ̀, òkè Ẹfọ̀n dìde síwájú, títì bẹ̀rẹ̀ sí í gba kọ́ọ̀nà, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń rá pálá gòkè. Ọ̀nà ò bá òkè jà, ibi tó rẹlẹ̀ lórí rẹ̀ ló wá lọ. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mọ iyì irú ibi bẹ́ẹ̀, àmọ́ ojú wọn rí màbo kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Nínú ogun Kírìjì, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi dojú kọ Èkìtìparapọ̀ láàárín òkè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí. Ibùdó ogun níbẹ̀ ni Ààrẹ Látòòṣà, olórí wọn, kú sí ní 1885, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò sì rí ọ̀nà gbà kọjá.

Àlàfo òkè ti àwọn aláwọ̀ funfun tún ga ju ti Ẹfọ̀n lọ fíìfíì. Ìbàdàn wà ní nǹkan bíi 200 mítà sókè ojú òkun. Tourmalet, nínú òkè Pyrenees ní Faransé, jẹ́ 2,115 mítà. Galibier, nínú òkè Alps, jẹ́ 2,642. Stelvio ní Ítálì jẹ́ 2,757, kọ́ọ̀nà 48 sì ni wàá yí kí o tó dé òkè tó o bá gba ìhà Prato. Chappal Waddi, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, létí ààlà Kamẹrúùnù, kò ju 2,419 mítà lọ. Ìyẹn ni pé ọ̀dà tí wọ́n tẹ́ sórí Galibier ga ju ṣóńṣó òkè tó ga jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè wa.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí ọ̀nà ṣe dagun tó. Tí wọ́n bá pè é ní 7, bí o bá lọ síwájú ní 100 mítà, o ti gòkè ní mítà 7. Létí, kò jọ nǹkan bàbàrà. Àwọn òkè kan wà nínú Ìbàdàn tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí àwọn aláàárù ń gùn lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé òkè Ìbàdàn á tán kí o tó mí lẹ́ẹ̀mẹwàá, ṣùgbọ́n láti Sainte-Marie-de-Campan, Tourmalet ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún kìlómítà 17.

Ọdún 1910 ni eré Tour de France kọ́kọ́ gba àwọn àlàfo gíga inú Pyrenees. Octave Lapize, tó gba ipò kìíní lọ́dún náà, pe àwọn tó ṣètò eré ní apànìyàn lójú ọ̀nà. Ìtàn 1913 ló wù mí jù. Fọ́ọ̀kì iwájú kẹ̀kẹ́ Eugène Christophe ṣẹ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti Tourmalet. Òfin eré ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, ó fẹsẹ̀ rìn ju kìlómítà mẹ́wàá lọ dé Sainte-Marie-de-Campan, ó wọ ilé alágbẹ̀dẹ kan, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ jó irin náà pọ̀, àwọn alábòójútó eré dúró tì í, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ọmọdékùnrin kan bá a fi ẹwìrì fín iná. Wọ́n fìyà jẹ Christophe nítorí ẹwìrì yẹn. Ní abúlé tiwa, ẹni tó bá kọ̀ tí kò bá àlejò fín iná ni wọn ì bá fìyà jẹ.

Ní 1972, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Faransé, Club des Cent Cols. Ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ ti gun kẹ̀kẹ́ kọjá 100 àlàfo òkè tó yàtọ̀ síra, kí márùn-ún ó kéré tán nínú wọn sì ga ju 2,000 mítà lọ. Ará Lálùpọn ní Lágelú á béèrè ohun tí wọ́n ń lọ ná lórí ibẹ̀. Ọjà kankan ò sí níbẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ ka ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n wà, máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì ń tètè sọ fún un nísinsìnyí. Ọ̀kan nínú wọn, OpenStreetMap, bẹ̀rẹ̀ ní London ní 2004; Steve Coast ló dá a sílẹ̀, nígbà tí máàpù ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wọ́n fún mẹ̀kúnnù. Ẹnikẹ́ni ló lè fi nǹkan sí i, ẹnikẹ́ni ló sì lè mú nǹkan nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lábẹ́ àwòrán tí ojú ń rí, àmì àti ìlà ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì so ọ̀rọ̀ ṣókíṣókí mọ́ wọn lára. Ibi tí àlàfo òkè bá wà, wọ́n á so mountain_pass=yes mọ́ àmì rẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á sì kọ ele, tó jẹ́ gíga rẹ̀ ní mítà.

Overpass Turbo ni wọ́n fi ń bi máàpù yìí léèrè ọ̀rọ̀. O fa àwòrán dé agbègbè tó o fẹ́, o kọ ìbéèrè rẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, o tẹ bọ́tìnnì. Iṣẹ́ tí a rán ọmọ lọ́jà ni ìbéèrè náà jọ: kó gbogbo ohun tó ní mountain_pass=yes lára wá. Ọmọ náà gbọ́ràn, ó tilẹ̀ gbọ́ràn jù. Tó o bá ní kó ra ata rodo, kò ní mú tàtàṣé bọ̀, kódà kó jẹ́ tàtàṣé nìkan ló kún ọjà. Ọwọ́ òfìfo ni yóò bá padà, kò sì ní ṣàlàyé kankan. Àwọn kan tó ń ya máàpù ti so natural=saddle mọ́ àlàfo òkè dípò ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà méjèèjì lẹni tó gbọ́n ń béèrè. Láìpẹ́, àmì róbótó á bo òkè Alps láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. O lè kó wọn jáde sínú fáìlì GPX, kí o gbé e sínú fóònù tàbí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àmì kan lè wà lórí òkè tí ọ̀nà kankan ò gbà á, àfi ẹsẹ̀ àgùntàn. Òmíràn lè ní orúkọ kó má ní gíga. Tí gíga kò bá sí, wọ́n ní láti wá a gba ibòmíràn, bíi inú ìwọ̀n tí wọ́n ti ojú sánmà ṣe. Ní oṣù Kejì ọdún 2000, ọkọ̀ ojú sánmà Endeavour ti Amẹ́ríkà fi rédà wọn gíga ilẹ̀ fún ọjọ́ 11, gbogbo Áfíríkà sì wà nínú ohun tó wọ̀n. Wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó bíi 30 mítà, wọ́n sì fún igun kọ̀ọ̀kan ní gíga kan ṣoṣo.

Ẹ gbé ìyẹn lọ sí Tógò kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Láàárín Sokodé àti Kara, lójú títì tó ti Lomé lọ sí àríwá, ibi kan wà tí wọ́n ń pè ní Faille d'Alédjo. Wọ́n la àpáta sí méjì, títì gba àárín rẹ̀ kọjá, òkúta dúró gàgàrà lọ́tùn-ún àti lósì. Ó pẹ́ tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù ti ń bẹ̀rù ibẹ̀, kí wọ́n tó la ọ̀nà míràn tó yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àyè tóóró yìí kò tó igun 30 mítà kan. Rédà kò lè yà á sọ́tọ̀ lára àpáta, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń ṣírò gíga ọ̀nà lè sọ fún agunkẹ̀kẹ́ pé yóò fò gun orí àpáta, yóò sì bọ́ sílẹ̀ lódìkejì. Bákan náà ni lórí igbó tó ṣú dùdù: orí igi ni rédà ń bá pàdé kó tó kan ilẹ̀, ilẹ̀ oko á sì ga lórí máàpù ju bó ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀ olóko lọ.

Tó o bá wá fa máàpù náà wálé dé Ìyànà-Ọ̀fà, tí o ní kó wá àlàfo òkè fún ọ, ìbéèrè yẹn ni kò tọ́. Ilẹ̀ àyíká Ìbàdàn ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n òkè kọ́ ló ń dí ẹnikẹ́ni lọ́nà oko níbẹ̀. Omi ni. Àgbẹ̀ Akáǹran kò ní kó o mú sùúrù nítorí òkè. Nítorí òjò tó rọ̀ lánàá ni. Ọ̀ṣun tí wọ́n sé ní Aṣéjìre tóbi, máàpù mọ̀ ọ́n. Ògùnpa tó gbé ilé àti ènìyàn lọ ní 1980, máàpù mọ òun náà. Èyí tó máa ń sọnù ni odò ìgbẹ́sẹ̀ díẹ̀ tó wà láàárín oko méjì, tó ń gbẹ ní oṣù Kìíní, tó sì ń mu ènìyàn dé àyà ní oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rọ̀ wà fún un nínú OpenStreetMap. Wọ́n ń so ford=yes mọ́ ibi tí ọ̀nà ti gba inú omi láìsí afárá; surface ń sọ bóyá ọ̀dà ni tàbí erùpẹ̀; seasonal=yes sì wà fún omi tí kì í ṣàn yípo ọdún. Ìbéèrè tí ará Alps fi ń wá àlàfo òkè, ọ̀rọ̀ kan péré la máa yí nínú rẹ̀, yóò sì máa wá ibi ìsọdá odò fún wa ní Lágelú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a rán kò lè ra ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbé wá sọ́jà.

Àlejò lè bá wa gbé díẹ̀ wá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, nígbà tí wọ́n kéde pé Ebola ti bẹ́ sílẹ̀ ní Guinea, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi wo àwòrán sátẹ́láìtì, wọ́n sì ya ọ̀nà àti ilé Guéckédou fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kò ní máàpù gidi lọ́wọ́. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ṣe. Síbẹ̀, ẹni tó jókòó sí Berlin lè rí òrùlé, kò lè rí orúkọ abúlé, kò sì lè rí odò tó gba abẹ́ igi lọ. Ọlọ́kadà tó ń kó ẹ̀gẹ́ jáde láti oko Ajíà lọ́sẹ̀ mélòó kan á mọ ju sátẹ́láìtì lọ nípa ọ̀nà yẹn. Kò sì nílò kọ̀ǹpútà: StreetComplete, tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android, á máa bi í níbi tó dúró sí pé irú ilẹ̀ wo ni ọ̀nà yìí, yóò sì pa ìdáhùn mọ́ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi dé.

Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti kó gbogbo ọ̀nà igbó sí gbangba, pàápàá lásìkò tí àwọn ajínigbé ń dààmú oko yìí. Ọ̀nà tí ọmọ ilé ìwé ń gbà àti èyí tí ẹrù ọjà ń gbà ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀; kò sí àṣírí kankan nínú wọn. Níbi ìsọdá kọ̀ọ̀kan, nǹkan mẹ́ta ti tó: orúkọ odò náà bí àwọn tó ń pọnmi níbẹ̀ ṣe ń pè é, bóyá afárá ni tàbí inú omi, àti bóyá ọ̀kadà ẹlẹ́rù lè là á kọjá ní oṣù Kẹsàn-án. Ìkẹta yìí kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú OpenStreetMap. Abẹ́ description ni kí ẹ kọ ọ́ sí, ẹ sì lè kọ ọ́ ní Yorùbá.