Ọ̀gá Mẹkáníìkì àti Sítíárìn Ìjàpá

Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà pa apá òsì títì tì, tí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sápá ọ̀tún. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ tí wọ́n bá rà wá láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti ń dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì abẹ́ igi, kó bá wọn gbé sítíárìn rẹ̀ lọ sódìkejì. Iṣẹ́ ńlá ni: pẹ́dà, wáyà àti dáṣíbọ́ọ̀dù ló máa tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá jáfáfá á kàn fi iná jó irin mọ́ irin, ọlọ́kọ̀ á sì fẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu.

Ìta gbangba ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn mẹkáníìkì yìí. Òbí á mú ọmọ wá, wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé, ọmọ á máa fọ irin, á máa sáré lọ ra nọ́ọ̀tì, títí á fi gba fìrídọ̀ọ̀mù. (Owó aṣọ àti ìrẹsì ọjọ́ fìrídọ̀ọ̀mù lè ju owó irinṣẹ́ ọmọ náà lọ. Èmi ò rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀.)

Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen tí ilé iṣẹ́ tó wà ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní 1975, ni ọkọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ọmọṣẹ́ tó ní sùúrù. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí sítíárìn rẹ̀, wọ́n á tọ́ táyà iwájú sí ọ̀kánkán, wọ́n á sì yọ orí bátìrì tó wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, torí wáyà họ́ọ̀nù gba àárín sítíárìn kọjá. Wọ́n á ṣí bọ́tìnnì họ́ọ̀nù, wọ́n á sàmì sára sítíárìn àti irin tó gbé e dúró, kó má baà wọ́ nígbà tí wọ́n bá dá a padà. Wọ́n á wá tú nọ́ọ̀tì, àmọ́ wọn ò ní tú u tán. Sítíárìn tó ti ń lẹ̀ mọ́ irin láti ọdún gbọọrọ lè já lójijì kó gbá èèyàn lẹ́nu. Nọ́ọ̀tì tó kù lẹ́nu irin ló máa dá a dúró.

Bó bá ṣì kọ̀, ojú ọmọṣẹ́ á lọ sára òòlù.

“Ta ló ní kó o gbé ìyẹn?” Ọ̀gá ti rí i.

“Ẹ má bínú, Ọ̀gá.”

Òòlù á ba bíárìn àti ẹnu irin jẹ́. Epo tó ń tú ìpẹtà ni wọ́n máa ń ta sí i, wọ́n á fún un láyè, kí wọ́n tó fi púlà fà á.

Àmọ́ sítíárìn ọkọ̀ ìgbàlódé ní éèbáàgì tó lè bú gbàù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ bátìrì, wọ́n ní láti dúró ìṣẹ́jú mélòó kan kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Àgbà ọ̀gá mìíràn ò kọ́ èyí rí. Ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò náà ò fọwọ́ kan Ìjàpá rí. NATA, ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, ló lè kó àwọn méjèèjì jọ. Ẹ̀yin NATA, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn àgbà wọ̀nyí, kí ẹ sì ya iṣẹ́ ọwọ́ wọn sí fídíò nígbà tí wọ́n ṣì ń mú sípánà dáadáa.