Ìwé Òfin Tí Ó Sùn Nínú Àká Ní Ilẹ̀ Jàpáànù

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìwé òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Jàpáànù àtijọ́, ti ọdún 1889 ni gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni a kọ́kọ́ kọ. Àwọn mìíràn ti ṣáájú rẹ̀ tí a kò jẹ́ kí wọ́n rí ìmọ́lẹ̀.

Ní 1868, nígbà tí àṣẹ padà sọ́wọ́ Ọba Meiji, Ọba búra pé ìgbìmọ̀ àti ìjíròrò ní gbangba ni a ó fi máa pinnu ọ̀ràn ìlú. Àwọn ènìyàn kò gbàgbé ìbúra yìí. Ní 1874, Itagaki Taisuke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba pé kí a jẹ́ kí ará ìlú yan aṣojú. Ní 1876, Ọba pàṣẹ fún Ìgbìmọ̀ Àgbà tí a ń pè ní Genroin pé kí wọ́n kọ òfin ìpìlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n kọ ọ́, èyí ìkẹyìn ní 1880. Iwakura Tomomi àti Ito Hirobumi sì kọ̀ ọ́, wọ́n ní ti àwọn ará Yúróòpù ni a kàn ṣe àdàkọ rẹ̀.

Èyí tí ó jọ wá lójú jùlọ ni ti Itsukaichi, ìlú kékeré kan lẹ́bàá òkè ní ìwọ̀-oòrùn Tokyo. Olùkọ́ ilé-ìwé kan, Chiba Takusaburo, wà níbẹ̀, ẹni tí ó ti jagun lápá àwọn tí a ṣẹ́gun ní 1868, tí ó sì ti ṣe onígbàgbọ́ nínú ìjọ àwọn ará Rọ́ṣíà. Òun àti àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ìlú náà a máa péjọ, wọn a máa kàwé, wọn a sì máa jiyàn. Ní 1881 ni ó kọ òfin abala 204, nínú èyí tí a ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òmìnira ọmọ ìlú. Àwa tí a ti pẹ́ nídìí kálàmù mọ bí ọwọ́ ti ń ro ènìyàn kí ó tó kọ abala 204!

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Ọba ṣèlérí ilé ìgbìmọ̀ fún 1890, ṣùgbọ́n ààfin ni yóò kọ òfin rẹ̀. Ito lọ sí Berlin àti Vienna ní 1882 láti kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ó sì padà dé, ní ìkọ̀kọ̀ ni òun àti àwọn díẹ̀ kọ ọ́, títí dé erékùṣù Natsushima. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì, 1889, Ọba fi í ta àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́rẹ. Ọkùnrin tí ó ń san owó-orí yen 15 nìkan ni ó lè dìbò.

Chiba kò rí i. Ó kú ní 1883, ní ọmọ ọdún 31. Ìwé rẹ̀ wà nínú àká ìdílé Fukasawa títí di 1968, nígbà tí Irokawa Daikichi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn náà. Nígbà náà, ó ti tó ọdún 21 tí òfin mìíràn ti gba ipò ti Ito.