Bí Ajẹ́ǹtì Ilé Bá Gbówó Wa Jẹ: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìwé Ẹ̀sùn

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kan gbogbo wa, nítorí kò sí ẹni tí kì í wá ṣọ́ọ̀bù tàbí yàrá. Láti Ìjù dé Sángo, títí wọ Ọ̀tà, àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ń fa èrò wá, àwọn tí owó ilé Èkó sì lé jáde ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí, ajẹ́ǹtì ilé á pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni wọ́n á gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta. Àwọn mìíràn á gba owó ilé tí onílé kò rán wọn. Owó àjọ tí a fi ọdún kan dá á sì lọ bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ wa á lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, a ó pariwo, a ó ṣépè. Àwọn kan á ní àwọn ti fi í fún Ọlọ́run. Ṣebí àwọn àgbà ló sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá àti adájọ́, ìwé ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀nà tí a ó gbà rèé.

1. Ẹ kó ẹ̀rí jọ. Rìsíìtì, àgírímẹ́ǹtì, ìwé báńkì tó fi hàn pé owó jáde, orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí a sanwó. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tó wà lórí fóònù rẹ́. Bí kò bá fún wa ní rìsíìtì, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ dárúkọ iye owó àti ọjọ́ tí ẹ san án. Bí ó bá ti fèsì pé òun gbà á, ẹ̀rí ti wà nìyẹn.

2. Ẹ kọ lẹ́tà sí òun fúnra rẹ̀. Ẹ má bú u nínú rẹ̀. Kó lọ báyìí:

“Ní ọjọ́ báyìí, mo san iye báyìí fún yín fún ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ibi báyìí. Ẹ kò tíì fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Mo fẹ́ kí ẹ dá owó mi padà láàárín ọjọ́ 14. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ.”

Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta. Ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún onílé, kí ó sì fọwọ́ sí ẹ̀kẹta fún yín. Bí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, kí ẹni tó bá yín lọ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

3. Ẹ mọ ilẹ̀kùn tí ẹ ó kàn. Bí ó bá gba owó ilé tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀, tàbí ó gba owó ṣọ́ọ̀bù kan lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, jìbìtì ni. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀fẹ́ ni fífi ẹ̀sùn sùn. Kí ẹ tó tẹ̀ka sí sítétímẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sí yín létí. Òfin jìbìtì ọdún 2006 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 lélẹ̀, kóòtù sì lè pàṣẹ pé kí ó dá owó padà.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àìgbọ́ra-ẹni-yé lórí owó iṣẹ́ rẹ̀, tàbí ó kàn ń fi owó tó yẹ kó dá padà falẹ̀, gbèsè nìyẹn. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan. Kóòtù Májísíréètì Ọ̀tà ni kí ẹ gbé irú rẹ̀ lọ.

Bí ó bá pe ara rẹ̀ ní estate surveyor, ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ESVARBON, tí òfin ọdún 1975 dá sílẹ̀, ló ń forúkọ wọn sílẹ̀, ó sì lè fìyà jẹ èyí tó bá ṣe àṣìṣe. Ajẹ́ǹtì ojú títì tí kò forúkọ sílẹ̀ kò sí lábẹ́ wọn.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: Ìjù tiwa, Ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Ìjù-Ìṣàgá, Èkó ni. Iléeṣẹ́ LASRERA, tí òfin ọdún 2021 gbé kalẹ̀, àti òfin ayálégbé ọdún 2011, ti Èkó ni àwọn méjèèjì. Bí ilé bá wà ní Èkó, ẹ kọ̀wé sí LASRERA. Bí ó bá wà lọ́dọ̀ wa níbí, wọn ò ní lè dá sí i, ọjọ́ yín á sì ṣòfò lásán.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ rí onílé lójúkojú, ẹ bi àwọn ará àdúgbò, ẹ sì gba rìsíìtì lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, kó gbé ìwé rẹ̀ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́, a ó jọ kọ lẹ́tà náà. Ọjà á tà o.