Kí ẹja òkun má baà kú sínú ilé: bí wọ́n ṣe ń po omi iyọ̀

Ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kò ní etí òkun. Ẹni tó ń gbé ní Òkòtá, Máfọlúkù tàbí Ajao Estate, tó sì fẹ́ sin ẹja òkun sínú àpótí onígíláàsì ní pálọ̀ rẹ̀, kò lè ṣe bíi ti ẹni tó ń sin ẹja odò, tó kàn ń bu omi kún àpótí. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣẹ̀dá òkun kékeré sínú ilé. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ẹja òkun kì í ṣe ọjà pọ́ọ́kú, bí omi rẹ̀ bá sì bàjẹ́, òru ọjọ́ kan ṣoṣo ti tó láti pa gbogbo wọn tán.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni ti àwọn tó gbà pé iyọ̀ kankan kò yàtọ̀ sí òmíràn. Láàrin ọdún 1872 sí 1876, ọkọ̀ òkun Challenger, ti ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rìn káàkiri òkun àgbáyé, ó sì kó omi bọ̀ láti oríṣiiríṣii ibi. Onímọ̀ nípa kẹ́míkà kan, William Dittmar, yẹ mẹ́tàdínlọ́gọ́rin (77) wò nínú àwọn omi náà, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1884. Ohun tó rí ni pé, yálà iyọ̀ pọ̀ nínú omi òkun ni o tàbí ó kéré, ìwọ̀n tí àwọn èròjà rẹ̀ fi ju ara wọn lọ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà níbikíbi. Yàtọ̀ sí èròjà méjì tó di iyọ̀ ọbẹ̀, magnesium, calcium, potassium àti sulphate náà wà níbẹ̀. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní wọn ní ìwọ̀n tí ẹja òkun nílò. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé iyọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹja òkun nìkan ló yẹ kí èèyàn rà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Lítà omi òkun kan máa ń ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35 nínú. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 yóò gba nǹkan bíi gíráàmù 875, ìyẹn ni pé kò pé kílò kan. Ṣùgbọ́n iyọ̀ inú páálí máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, nítorí náà, ìlànà tó wà lára páálí ni kí wọ́n tẹ̀ lé, kí wọ́n sì fi hydrometer tàbí refractometer wọn omi náà. Bí omi bá tó bó ṣe yẹ, hydrometer yóò fi 1.025 tàbí 1.026 hàn.

Omi tí wọ́n fẹ́ fi pò ó náà ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Omi ẹ̀rọ ìjọba máa ń ní chlorine, apakòkòrò tó ń pa ẹja. Omi kànga ẹlẹ́rọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó sì máa ń ní irin, èyí tó ń sọ ọ́ di pupa bó bá dúró sílẹ̀. Omi tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa, tí kò ní èròjà kankan nínú mọ́, ló dára jù.

Inú ọpọ́n ṣíṣu tó mọ́ ni kí wọ́n ti pò ó, kì í ṣe inú irin, kì í sì í ṣe inú àpótí tí ẹja wà. Omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ bù sílẹ̀, kí wọ́n wá máa da iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀rọ kékeré máa rú u. Bí wọ́n bá da omi lé iyọ̀ lórí, calcium inú rẹ̀ lè dì sísàlẹ̀ bí ẹfun, kò sì ní yọ́ mọ́. Kí ẹ̀rọ rú u fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, kí omi wà láàrin ìwọ̀n ooru 24 sí 27, kí wọ́n tó tún un wọ̀n.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ń bẹ lẹ́yìn èyí. Nínú ooru Èkó, omi máa ń fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í fẹ́. Bí lítà 10 bá fẹ́ lọ nínú 100, iyọ̀ yóò ti kúrò ní gíráàmù 35, ó ti di 39 nínú lítà kan. Ẹni tó bá wá fi omi iyọ̀ dí i ti ń fi iyọ̀ kún iyọ̀. Omi tí kò níyọ̀ rárá ni wọ́n fi ń dí i.

Iyọ̀ inú ara ẹja òkun kéré sí ti omi tó yí i ká, èyí ló fi jẹ́ pé omi ara rẹ̀ ń jáde, tí òun náà sì ní láti máa mu omi òkun, kó sì máa ti iyọ̀ tó pọ̀jù jáde. Bí ìwọ̀n iyọ̀ omi bá yí padà lójijì, iṣẹ́ náà yóò bọ́ mọ́ ọn lára, ó sì lè kú.

Àwọn kan ti rò ó pé kí wọ́n kúkú pọn omi ọ̀sà Èkó. Nígbà òjò, omi odò máa ń ya wọ inú ọ̀sà, ìwọ̀n iyọ̀ rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Ìdọ̀tí ìlú náà sì wà níbẹ̀. Kò ṣeé gbára lé.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wọn iyọ̀ lónìí kò ní kó òkú ẹja lọ́la.