Ohun Tí Ìwé Àwòrán Kò Fẹnu Wí

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà sí ìṣeré lásán, èyíinì ni ìwé àwòrán tí à ń rà fún ọmọdé.

Èmi pàápàá ti ṣe àṣìṣe lórí rẹ̀ rí. Ní ilé kéwú tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́, kíkà ni a kọ́kọ́ ń kọ́ kí ìtumọ̀ tó dé. Nítorí náà, bí ọmọ mi bá dúró wo àwòrán nígbà tí ó ń kàwé, n ó ní, "Ọ̀rọ̀ ni kí o kà, fi àwòrán sílẹ̀." Ọmọ náà a kà á geerege, ṣùgbọ́n bí mo bá bi í léèrè ohun tí ìwé wí, a máa wò mí ni. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi bò ó lójú.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 1968, obìnrin ará Ìlú Ọba kan, Pat Hutchins, gbé ìwé kan jáde tí ó pè ní Rosie's Walk. Òun ni ó kọ ọ́, òun náà ni ó ya àwòrán rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìtàn náà kò ju 32 lọ. Ohun tí wọ́n sì wí kò ju pé àgbébọ̀ adìẹ kan rìn káàkiri oko, ó sì padà délé kí àkókò oúnjẹ tó kọjá. Ó parí! Ṣùgbọ́n nínú àwòrán, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti pa á jẹ. Ó bẹ́, ó tẹ irin tí wọ́n fi ń kó koríko jọ, ọ̀pá rẹ̀ sì gbá a lójú. Ó tún bẹ́, ó já sínú adágún omi. Koríko gbígbẹ bò ó, ìyẹ̀fun dà lé e lórí, nígbẹ̀yìn oyin lé e lọ. Adìẹ kò bojú wẹ̀yìn, òǹkọ̀wé kò sì dárúkọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Òǹkọ̀wé sọ àbọ̀, ó fi àbọ̀ kejì sílẹ̀ fún ojú ọmọ. Ọmọ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ inú ìwé ṣe bí ẹni pé òun kò mọ̀. Ohun tí ó ń pa á lẹ́rìn-ín nìyẹn.

Báwo ni a ó ṣe fi kọ́ wọn? Èkínní, ẹ bo àwòrán, ẹ ka ọ̀rọ̀ nìkan, kí ẹ bi wọ́n pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Èkejì, ẹ bo ọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn ròyìn àwòrán. Ẹ̀kẹta, ẹ ṣí méjèèjì, ẹ bi wọ́n ìdí tí òǹkọ̀wé fi dákẹ́, kí ẹ má sì tètè dáhùn fún wọn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sọ ìtàn náà ní Yorùbá. Wọn ó rí i pé ọ̀rọ̀ kéékèèké ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń tọ́ka ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe ni àwa ń lò: adìẹ la àgbàlá kọjá, ó yí adágún ká, ó gba abẹ́ ilé oyin.

Ọgbọ́n mìíràn ni àwítúnwí. Nínú The Very Hungry Caterpillar, tí Eric Carle ará Amẹ́ríkà ṣe ní 1969, kòkòrò kan jẹ èso kan ní ọjọ́ Ajé, méjì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, títí ó fi jẹ ọsàn márùn-ún ní ọjọ́ Jímọ̀, síbẹ̀ kò yó. Ní Àbámẹ́ta, ó jẹ oríṣi oúnjẹ mẹ́wàá, inú sì run ún. Etí tí ó ti mọ bí ìlù ṣe ń lọ ni ó ń mọ ìgbà tí ó yí padà. Orin inú àlọ́ ti kọ́ àwọn ọmọ wa ní èyí tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣí ojú ìwé, ẹ dúró díẹ̀, kí ọmọ sọ ohun tí ó kàn.

Ẹ má pè é ní eré. Ọmọ tí a kò kọ́ láti wá ohun tí a kò wí yóò dàgbà di ẹni tí ń ka ìwé àdéhùn geerege, tí yóò fọwọ́ sí i, tí kò ní rí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni oyin yóò bá a lé e.