Ta Ni Yóò Ro Oko Olójòjò?

Kí sòbìà tó degbò, Olúgànbe là á ké sí. Àwọn àgbà Ìbàràpá mọ ohun tí òwe yìí ń wí ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, torí sòbìà bá wọn gbé pẹ́. Àmọ́ oògùn ni òwe náà ń sọ. Kò sọ ẹni tí yóò máa ro oko títí egbò yóò fi jinná.

Inú omi adágún ni àìsàn náà ti ń wá. Bí ó bá tó nǹkan bí ọdún kan tí ènìyàn ti mu omi ọ̀hún, ẹsẹ̀ á wú, awọ á lé ròrò, á bẹ́, aràn funfun tín-ín-rín bí òwú á yọrí. Wọn á ká a mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, torí bó bá já sínú, wàhálà dé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni, nígbà tó yẹ kí àgbẹ̀ máa ṣán oko tuntun. Ọkùnrin tí apá rẹ̀ le koko á wá jókòó sábẹ́ igi, á na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ti fìdí iṣẹ́ ìlera múlẹ̀ ní Igbó-Ọrà láti 1963, ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí sòbìà ní Ìdèrè. Ní 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìà.

Kí ni àgbẹ̀ ìlú Tápà ní Ìbàràpá gbójú lé nígbà tí sòbìà ṣì wà? Àró àti ọ̀wẹ̀ ni. Olójòjò á bẹ ẹgbẹ́ kí wọ́n bá òun ro tòun ná. Bí ara bá yá, á fi iṣẹ́ san án. Ní ti owó, èsúsú wà, èyí tí Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921. Ẹni tí kò tíì kàn á bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kó. Adójútòfò kúkú ni. Ibi tó kù sí ni pé bí sòbìà bá mú agboolé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò ro ti ta?

Ìjọba náà lè dá sí i. Òfin adójútòfò àìsàn tí Bismarck, olórí ìjọba, gbé kalẹ̀ ní Jámánì ní 1883 mọ̀ pé ikùn aláìsàn kì í sinmi: ó ń san ìdajì owó iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ tó dùbúlẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 13. Tiwa ní Nàìjíríà kò gba ọ̀nà yẹn. Òfin NHIS, ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, jáde ní 1999, ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe òfin tirẹ̀ ní 2016. Òfin àpapọ̀ ti 2022 sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn. Ó dára. Ṣùgbọ́n dókítà àti oògùn ni owó náà ń lọ fún. Owó ọ̀kadà láti Tápà lọ sí Igbó-Ọrà, oúnjẹ ẹni tó ń ṣètọ́jú aláìsàn, ẹ̀gẹ́ tí kò rí ẹni hú, kò sí nínú ìwé.

Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ adójútòfò bí Aflac, tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta dá sílẹ̀ ní Georgia ní 1955, ń kó owó lé aláìsàn fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, kó ná an bó ṣe fẹ́. Níbí, òfin 2010 ń ran ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́, bí ó bá ní ọ̀gá tó ń sanwó sí àpò ìjọba tí wọ́n ń pè ní NSITF. Àgbẹ̀ ni ọ̀gá ara rẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé adójútòfò àgbẹ̀ wà láti 1987: irè oko àti ẹran ọ̀sìn ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Àgbàdo lè rí gbà, ẹni tó gbìn ín ń wòran.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ àró àti èsúsú náà la ṣì ń sá bá. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá dùbúlẹ̀, akọ̀wé á ṣí ìwé, á fi ìka wá orúkọ rẹ̀, á wò ó bóyá ó san owó oṣooṣù ẹgbẹ́ pé. Bí kò bá san án pé, wọn á bẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ òfo.